Ẹ̀rọ Síláìdì Tí Mo Bá Ọ̀gá Bùràímọ̀ Yàn

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kábà, ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń sanwó oṣù fún àlá ojú ọ̀sán, èmi Dọ́kàsì ni ǹ bá lówó jù ní gbogbo ilẹ̀ Owé. Á gbé ẹ̀wà kaná, á ní kí n máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀wà á jóná mọ́ ìdí ìkòkò, àwọn ará ilé kejì á ti gbóòórùn rẹ̀, èmi tí mo jókòó tì í kò ní mọ̀. "O tún ti lọ!" ni ìyá mi máa ń ké. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti lọ. N kò kàn lè sọ ibi tí mo lọ fún un ni.

Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn ibẹ̀ ṣá. Ihò ìṣó kan wà lára fèrèsé pákó yàrá ìyá mi. Bí oòrùn bá mú gan-an lọ́sàn-án, tí mo sì ti ilẹ̀kùn pa, ọ̀nà iwájú ilé wa á gba inú ihò náà wọlé, á tẹ́ sára ògiri. Mo máa ń rí àwọn ènìyàn kéékèèké tí ń lọ tí ń bọ̀, orí wọn wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wà lókè, wọn kò sì pariwo rárá. Mo rí obìnrin kan tó ru igi: igi wà nísàlẹ̀, òun wà lórí igi, ó ń fẹsẹ̀ tẹ òfuurufú lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní ara mi gbóná, ó sì bu àgbo fún mi. Àgbo yẹn korò. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí mo fi pàdé Ọ̀gá Bùràímọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, nítorí yín ni mo ṣe kọ eléyìí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń bú yín nílé lè jẹ́ iṣẹ́ yín. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀wà tó jó, ó ti jó náà nìyẹn.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ilé-ìwé girama, a ṣì wà lábẹ́ Kwárà nígbà yẹn, ọ́fíìsì ìjọba kan ní Kábà sì ń wá ẹni tí yóò máa tẹ ìwé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni láti máa kọ́ àwọn ará ìlú ní ìmọ́tótó àti ọ̀nà tuntun nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ́fíìsì ni yàrá kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n gbé ìwé lọ síbẹ̀. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì dúró bí ère. Inú yàrá ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀ kọjá, eruku ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, odò kan wà níbẹ̀, ó tóbi tó ògiri náà fúnra rẹ̀, igi ìrókò dúró ní bèbè rẹ̀, ohunkóhun kò mira. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo dúró.

"Ìwé wo lo mú wá?" ni ohùn kan bi mí láti inú òkùnkùn.

N kò rántí pé mo mú ìwé kankan wá. Ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti fọ́n ká sílẹ̀. Ọ̀gá Bùràímọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ Ìsánlú, ọkùnrin gíga kan tí kì í gbé ohùn sókè, tí orín kì í sì í kúrò létí ẹnu rẹ̀. Dípò kí n tọrọ àforíjì, ìtàn ihò ìṣó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ara rẹ kò gbóná," ni ó wí. "Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú ihò kékeré kọjá, ńṣe ló máa ń dorí kodò. O ti rí iṣẹ́ yìí kí o tó rí ẹ̀rọ rẹ̀. Tò, wá máa nu síláìdì fún mi láti ọ̀la."

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ síláìdì, àwòrán kékeré tí a yà sórí fíìmù ni, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, wọ́n á fi páálí yí etí rẹ̀ ká. Ẹ̀rọ rẹ̀ ní gílóòbù líle kan nínú. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù á la àwòrán yẹn kọjá, á la awò gíláàsì iwájú ẹ̀rọ kọjá, á sì di ńlá lára aṣọ. Kì í rìn bíi sinimá. Àwọn ará oko ń pè é ní sinimá adúró, ó sì bá mi lára mu, nítorí èmi náà, adúró ni mí.

Odidi oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Síláìdì ni mo ń nù. Kí n tó mú ọ̀kan, á gba ọwọ́ mi, á gbóòórùn rẹ̀.

"Epo wà lọ́wọ́ rẹ. Lọ fọ̀ ọ́."

"Mo ti fọ̀ ọ́, sà."

"Ṣé ọwọ́ náà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo máa ń bínú débi pé omijé á gbọ̀n lójú mi. Lẹ́yìn síláìdì, ó kọ́ mi ní fífi sẹ́nu ẹ̀rọ. Orí àwòrán ni yóò wà nísàlẹ̀ kí àwòrán tó lè dúró dáadáa lára aṣọ. "Ọmọ ènìyàn náà, orí ló fi ń wá sáyé," ni ọ̀gá mi máa ń wí. "Èyí tó bá fẹsẹ̀ wá, gbogbo ilé ló ń dà láàmú." Kí ọwọ́ má baà ṣì, ó ń kán ọ̀dà pupa tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná sí igun kan lára páálí síláìdì kọ̀ọ̀kan. Bí àtàǹpàkò rẹ bá ti bà lé ẹ̀kán pupa yẹn, àwòrán ti dorí kodò bó ṣe yẹ nìyẹn. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ ra ọ̀dà náà lọ́jà Kábà, àwọn tó ń tà á á sì máa bi í pé ìyàwó rẹ̀ wo ló ń kun èékánná báyìí. Mo bi í ìdí tí kò fi lo bírò pupa, kí ojú má tì í mọ́. Ó ní bírò kì í pẹ́. Mo gbà á gbọ́. Bí mo bá sì ṣì í fi, tí àgbẹ̀ kan bá so rọ̀ lára aṣọ bí àdán, á fọwọ́ kan igun síláìdì náà, á sọ jẹ́jẹ́ pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà níbí, Dọ́kàsì."

Ó kọ́ mi pé gílóòbù tuntun kì í fẹ́ ìka ọwọ́, aṣọ la fi ń mú un. Ó kọ́ mi pé bí a bá ti pa iná gílóòbù, a kì í pa fáànù inú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Fáànù ni kó sùn kẹ́yìn. "Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná," ni ó wí, "ṣùgbọ́n o kò ní gbé e nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì gbóná." Ó sì fi ohun kan hàn mí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí síláìdì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ooru gílóòbù á mú kí fíìmù rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, àwòrán tó ti là kedere á tún ṣú bàìbàì. Ọ̀gá mi ní ó ń mí. Á fọwọ́ yí awò iwájú ẹ̀rọ díẹ̀, á dúró, á tún yí i, títí àwòrán á fi jókòó.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lọ sí ìgboro àti oko. Ojú ọ̀sán la ń ṣe é, nínú ilé-ìwé tàbí gbọ̀ngàn, a ó fi ẹní bo gbogbo fèrèsé. Ní Ekinrin-Adde ni mo ti kọ́kọ́ rí i bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń wo àwòrán. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń kíni nílẹ̀ wa, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lẹ́nu iṣẹ́, nínú ọ̀fọ̀: okun. Òun náà ni wọ́n fi ń pè wá. Àgbẹ̀ kan tó dé fìlà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá, yọ lára aṣọ. Ó ṣú, ó là. Bó ṣe là báyìí, àwọn àgbà tó wà níwájú tẹrí ba fún un.

"Okun o!"

Láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí ọ̀gá mi dáhùn fún àwòrán náà ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Okun o." Wọ́n kí àgbẹ̀ náà kú iṣẹ́, wọ́n bi í léèrè ilé, ọ̀gá mi ń dáhùn fún un. Ìgbà tí wọ́n kí i tán pátápátá ló tó yọ ọ́, tó fi òmíràn sí i. Àwòrán ogún lè gba gbogbo ọ̀sán. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ìkíni kì í bọ́ sílẹ̀, bí ẹni tí a kí kò bá lè dáhùn, ẹni tó mú un wá ni yóò dáhùn. Inú mi dùn. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn báyìí, èmi á ti wọ inú àwòrán náà lọ, mo ti ń rìn ní bèbè ebè ọkùnrin yẹn.

Odo-Ape ni a ti rí ìjàǹbá, ní ilẹ̀ Bùnù. Ìjì ti ká òrùlé ilé-ìwé wọn, bàbá olóyè kan sì yọ̀ǹda gbọ̀ngàn iwájú ilé rẹ̀ fún wa. Fèrèsé kan wà lápá ọ̀nà tí ẹní kò bò tán. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wá nǹkan tó nípọn. Mo wọ yàrá lọ́hùn-ún, mo bá ìyá arúgbó kan lórí àga. Mo bi í bóyá mo lè mú aṣọ nínú àpótí. Ó mi orí. Oorun ló ń mi orí rẹ̀, n kò mọ̀. Mo ṣí àpótí, mo sì rí aṣọ pupa kan, ó nípọn, ó wúwo, ó lẹ́wà bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Mo gbé e tọ ọ̀gá mi lọ lójú ọ̀nà, nínú oòrùn gan-an. Mo ní, "Èyí ńkọ́, sà?"

Ó fọwọ́ kàn án. "Ó nípọn. Lọ gbé e kọ́."

Mo gbé e kọ́ síta, lára ògiri tó kọjú sí ọ̀nà, nítorí ìṣó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Bùnù ti mọ ohun tí mo ṣe. Aṣọ ìpò ni. Aṣọ pupa tí wọ́n ń hun pamọ́ de ìgbà tí olóyè bá kú ni, ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e síta. Èmi ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, n kò tíì fojú rí i. Ọ̀gá mi ti fojú rí i dáadáa, ó ti bá wọn sìnkú níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Inú ilé ti tutù, àwòrán ti ń lọ. Bàbá olóyè jókòó níwájú, ó ń kí obìnrin kan tó gbé ewúrẹ́ dání lára aṣọ. Lójijì a gbọ́ igbe lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ké, ẹlòmíràn gbà á, igbe náà sún mọ́lé. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ti rí aṣọ pupa lára ilé. Wọ́n já wọlé, ọwọ́ lórí, ẹsẹ̀ wọn gba wáyà, ẹ̀rọ fò kúrò lórí tábìlì, gílóòbù rẹ̀ bú gbàù. Ilé ṣókùnkùn. Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, bàbá olóyè dìde dúró.

"Ta ló kú?" ni ó bi wọ́n.

Obìnrin kan tí omijé kún ojú rẹ̀ dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ìwọ ni."

Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí pé obìnrin ń kúnlẹ̀ ni. Bàbá náà jáde, ó wo aṣọ náà, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Tò," ni ó wí fún wọn, "mo ti gbọ́ bí ẹ ó ṣe sunkún mi. Mo dúpẹ́. Àwọn kan wà tí ohùn wọn kò jáde dáadáa. Mo mọ̀ yín." Wọ́n bá ká aṣọ náà padà sínú àpótí. Wọ́n dárí jì wá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti fọ́, awò rẹ̀ ti sán.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà sí Kábà, mo gbé òkú ẹ̀rọ náà lé itan. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn.

"Ọ̀gá, aṣọ yẹn, àwọ̀ wo ni?"

A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a kọjá odò. Nígbà tó pẹ́ ó ní, "Dúdú."

Òun ló sọ ìyókù fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, bí ẹni tó ń wo ayé láti ẹ̀yìn ẹní. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà èékánná tó yé mi: ẹ̀kán ọ̀dà máa ń wú lórí páálí, àtàǹpàkò ń mọ̀ ọ́n láìwò ó.

"Báwo lẹ wá ṣe ń mọ ìgbà tí àwòrán là?"

"Ṣé o kò gbọ́ ni? Bó bá là, wọ́n á kí i."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Etí ni ọ̀gá mi fi ń wò ó. Á yí awò títí á fi gbọ́ okun, á sì dá ọwọ́ dúró. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ méjì ṣì wà nílé-ìwé. Bí àwọn ọ̀gá wa ní Ìlọrin bá gbọ́ pé ẹni tó ń fi àwòrán han ìlú kò ríran, ilé ni wọn yóò ní kó lọ, lọ́wọ́ òfo. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ní bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, kí n kọ́kọ́ sọ fún òun. Mo ní n kò ní sọ. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n tẹ ìwé sí àwọn ọ̀gá wa pé òun lòun gbé aṣọ kọ́. Ẹ̀bi mi ló gbé sórí. Mo sunkún nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, mo sì fẹ́ràn ọkùnrin náà bí bàbá mi láti ọjọ́ yẹn.

Kò pẹ́, Ìlọrin rán ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀gá kan wá pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì. Ó ní kí a dán méjèèjì wò fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a wá yan ọ̀kan níwájú òun ní Iyara. Ẹ̀rọ kìíní tóbi, ó ń dán, àwo roboto kan jókòó lé e lórí tó ń gba síláìdì púpọ̀. Ó ń fúnra rẹ̀ yí awò títí àwòrán á fi là. Kásẹ́ẹ̀tì ni yóò máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì máa bá kásẹ́ẹ̀tì rìn, á máa pààrọ̀ àwòrán fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kejì kéré, aláwọ̀ eérú, ọwọ́ la fi ń ti síláìdì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ la fi ń yí awò rẹ̀. Ẹ kò ní gbàgbé pé ẹ̀rọ kìíní ń yí awò fúnra rẹ̀, nítorí èmi kò gbàgbé. Ẹ̀rọ ńlá yẹn ni ojú tí ọ̀gá mi ń wá.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ síláìdì, kó má wo bó ṣe ń dán. Kó béèrè ibi tí yóò ti rí gílóòbù rẹ̀ rà lọ́jọ́ tó bá jó. Ti ẹ̀rọ ńlá, a wá a dé Lọ́kọ́ja, a kò rí i. Ti ẹ̀rọ kékeré, Ìlọrin ló wà. Kó wo iná tó ní. Bí a bá tan ẹ̀rọ ńlá, jẹnẹrétọ̀ wa á máa kérora bí aláboyún. Kó wo bí ilé tí yóò ti lò ó ṣe gùn tó, torí awò tó dára fún gbọ̀ngàn gígùn, nínú yàrá kékeré kò ní sọ àwòrán di ńlá tó. Kó wo síláìdì tó ní lọ́wọ́. Tiwa, páálí ni etí wọn, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì ti mú wọn wú. Inú àwo roboto ni wọ́n ń há sí, mo ń fi irin tín-ín-rín yọ wọ́n. Gbogbo ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ló ń sọ pé ẹ̀rọ kékeré ni. Ojú ọ̀gá mi nìkan ló ń sọ pé ẹ̀rọ ńlá ni.

Mo ní kó yan ẹ̀rọ ńlá.

"Ta ni yóò máa dúró de ìkíni?" ni ó bi mí.

Inú bí mi. "Ṣé ìkíni ni yóò sanwó ilé-ìwé àwọn ọmọ yín?"

Ó jẹ orín rẹ̀ títí. "Ìwọ ni yóò yàn án," ni ó wí. "Ojú tìrẹ ló ríran. Bó o bá ti yàn án, ṣíkẹ́nà, ó parí."

Lọ́jọ́ Iyara, ilé-ìwé kún. A fi ẹní bo fèrèsé, a tan ẹ̀rọ ńlá, kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn bí oníwàásù. Àgbẹ̀ kan yọ, ó là lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà tẹrí ba: "Okun o!" Kí ọ̀gá mi tó ya ẹnu, ẹ̀rọ dún kírákà, àgbẹ̀ ti lọ. Ìyá ọlọ́mọ kan yọ. Wọ́n kí i. Kírákà, òun náà ti lọ.

"Háàbà! Kí ló dé tó ń sá?" ni ìyá àgbà kan béèrè níwájú. "Mo kí i, kò dá mi lóhùn!"

"Kò lẹ́kọ̀ọ́ ni," ni èkejì rẹ̀ wí.

Kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé ìdajì, àwọn àgbà ti ń dìde. Ọ̀gá Ìlọrin ní yóò mọ́ wọn lára. Ó yíjú sí ọ̀gá mi pé èwo la yàn. Ọ̀gá mi nawọ́ sí mi. Gbogbo wọn wò mí. Mo wo eruku tó ń jó nínú ìmọ́lẹ̀, mo sì tún ti lọ. Mo rí ògiri yàrá ìyá mi, mo rí àwọn ènìyàn kéékèèké tí ń kọjá lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kí. Nígbà tí mo padà dé, ẹnu mi ti sọ ọ́.

"Èyí tí ọwọ́ ń tì ni, sà."

Mo mọ ohun tí mo ṣe fún ọ̀gá mi.

"Ó dáa," ni ọ̀gá Ìlọrin wí. "Jẹ́ kí Bàbá fi hàn wá." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ aṣọ funfun, ó mú bírò dání. Síláìdì tirẹ̀ tó kó wá láti Ìlọrin ló ní ká lò. Mo kán ọ̀dà sí wọn wàrà, mo gbé wọn fún ọ̀gá mi. Ó fi àtàǹpàkò wá ẹ̀kán, ó ti àkọ́kọ́ wọlé. Àgbẹ̀ ni. Ó yí awò. "Okun o!" Ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó sì dáhùn. Èkejì, màmá kan tó ń fọ ọwọ́ ọmọ. "Okun o!" Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀gá Ìlọrin ń kọ̀wé, ó ń mi orí. Ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ̀kẹta wọlé. Ṣáláńgá ni. Ṣáláńgá tuntun tí wọ́n fi páànù bò, kò sí ènìyàn kankan nínú àwòrán náà.

Ta ni yóò kí ṣáláńgá? Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀gá mi yí awò sọ́tùn-ún, àwòrán là, kò gbọ́ nǹkan kan, ó yí i kọjá. Ó yí i sósì, ó tún là, ó tún kọjá. Ṣáláńgá ń yọ, ó ń wọ̀, bí ẹni tó ń rì sínú omi. Mo rí òógùn níwájú orí ọ̀gá mi nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀gá Ìlọrin ti gbé bírò sílẹ̀, ó ti yíjú padà, ó ń wo ojú ọ̀gá mi tọ̀ọ̀. Ọdún méjì tó kù, àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé, gbogbo rẹ̀ wà lórí ìka tó ń yí awò yẹn. Àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo dìde, mo tẹrí ba fún aṣọ funfun, mo sì ké pé:

"Ṣáláńgá, okun o!"

Ọwọ́ ọ̀gá mi dúró gbọin.

Ìyá àgbà tó bínú lẹ́ẹ̀kan bú sẹ́rìn-ín, òun náà ní, "Okun o, ṣáláńgá, okun iṣẹ́!" Gbogbo ilé gbà á. Láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ọ̀gá mi dáhùn fún ṣáláńgá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá pé, "Okun o." Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín wó òrùlé. Ọ̀gá Ìlọrin rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Láti ìgbà náà wọ́n kí kànga, wọ́n kí àká, wọ́n kí adìyẹ. Ẹ̀rọ kékeré la gbà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará ibí fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Ọdún méjì la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdí aṣọ funfun ni mo máa ń jókòó sí, gbogbo ohun tí kò lẹ́mìí ni mo ń kí. Àwọn kan ní orí mi kò pé. Ìyá mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì, àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kàn fi ìgò ọ̀dà pupa náà lé mi lọ́wọ́, ó ti ń tán lọ.

Mo jogún ẹ̀rọ náà, mo sì lò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé, tí ó ń rìn, tí ó ń sọ̀rọ̀, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. N kò bú u, ó yára, ó sì rọrùn. Àwọn ènìyàn kí i fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì jáwọ́. Nígbà tí wọ́n wá ní a kì í ṣe ará Kwárà mọ́, tí ọ́fíìsì ń kó ẹrù, wọ́n fẹ́ sọ ẹ̀rọ kékeré nù. Mo tọrọ rẹ̀, wọ́n fún mi.

Mo gbé e lọ sí Ìsánlú. Ojú ọ̀gá mi ti fọ́ pátápátá nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sóko, àwa méjì la wà nílé. Mo ti fèrèsé, mo ta aṣọ funfun sára ògiri, mo gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Síláìdì kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa yà ní Ekinrin-Adde láyé àtijọ́, n kò tíì fi han ẹnikẹ́ni rí. Mo fi í sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá ẹ̀kán, ó tì í wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí awò.

Ọkùnrin gíga kan yọ nínú ìkùukùu, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, orín wà létí ẹnu rẹ̀. Ó là. Mo ń wò ó, mo sì gbàgbé pé èmi ni yóò kí i. Ọ̀gá mi dẹ etí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó yí i kọjá. Ọkùnrin náà tún rì lọ. Eruku ń jó nínú ìmọ́lẹ̀. Ó tún ń yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró dè mí.

"Ọ̀gá mi," ni mo wí, "okun o."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ wà lójú rẹ̀.

"Ta la kí?" ni ó bi mí.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó gbé orí sókè sí ibi tí aṣọ wà, ó sì dáhùn fúnra rẹ̀.

"Okun o, Dọ́kàsì."